Ìbọn Kan fún Ilé Kan

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹnu mi sílẹ̀," ni ìbọn náà wí. "Tíṣà nìyẹn."

Ọdẹ́bùnmi tún fà á. Ìfà ìbọn náà le gbagidi lábẹ́ ìka rẹ̀, kò mira. Ní ọ̀ọ́kán, ní ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, àwòrán ọkùnrin kan tó fi báàgì ìwé kọ́ apá dúró lójú pákó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọn ò na ìbọn sí.

"Mo mọ̀ pé tíṣà ni," Ọdẹ́bùnmi fèsì. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìwọ náà mọ̀ ọ́n ni."

"Mo mọ̀ ọ́n. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìlú. Ẹ ṣé tí ẹ bi mí."

Lẹ́yìn rẹ̀, Alhaja Sàfúrátù, obìnrin tó ni Ilé Ìbọn Àgọ́-Ìyeyè, bú sẹ́rìn-ín débi pé dígí ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Ó tẹ bọ́tìnnì kan lórí tábìlì. Pákó ọ̀hún yí bírí. Tíṣà lọ, olè dé: ọkùnrin tó fi aṣọ bojú, tó yọ àdá. Ọdẹ́bùnmi mọ̀ ọ́n lára bí ìfà ìbọn náà ṣe rọ̀ wọ̀ọ̀ lábẹ́ ìka rẹ̀.

Pá! Pá! Pá!

Kò sí pé à ń fa irin kankan sẹ́yìn kí á tó tún yìn. Bí ọta kan bá ti jáde, èkejì ti wọlé dúró. Ìka ni yóò máa fà á lọ́kọ̀ọ̀kan, bó bá ṣe yá ìka sí. Nígbà tí ariwo náà rọlẹ̀, ihò mẹ́ta ló wà láyà olè orí pákó, wọ́n sì sún mọ́ra débi pé ìdérí ìgò kan ì bá bo gbogbo wọn.

"Afẹ́fẹ́ ń ti ọwọ́ ọ̀tún bọ̀," ìbọn náà ṣàlàyé jẹ́jẹ́. "Mo ti bá yín ṣe é."

"Ìyẹn gan-an lọ̀rọ̀ mi," Ọdẹ́bùnmi wí, ó sì gbé e lé tábìlì. "Ó ti bá mi ṣe é. Kí lèmi wá ṣe?"

Síbẹ̀ inú rẹ̀ ń dùn, kò lè pa á mọ́ra. Obìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni, ẹ̀rọ omi ló ń tún ṣe káàkiri àwọn abúlé etí aṣálẹ̀, ó sì ti tó ọdún méje tó ti ń ka ọjọ́ de òní. Òní ni ó kan ilé wọn láti yan ìbọn. Láàárọ̀ yìí kan náà ni wọ́n ti ju ògbólógbòó ìbọn ẹlẹ́nu méjì ilé wọn sínú iná ẹ̀rọ, lójú rẹ̀, tó yọ́ tó di irin pẹlẹbẹ bí àkàrà tí kò wú. Ẹni tí kò bá fi ti àtijọ́ sílẹ̀ kò lè gba tuntun.

"Fèrè ọ̀sán kù díẹ̀ kó dún," Alhaja wí. "O kúkú mọ òfin. Ìbọn kan, ilé kan, àtẹ́lẹwọ́ kan. Bó bá dún tí ọwọ́ rẹ kò tíì kan ọ̀kan nínú wọn, ó tún di ọdún méje."

"Ọdún méje! Àwọn àṣá á ti kó òrùlé wa tán."

"Ni mo ṣe ní kó o má fi àárọ̀ yìí ṣeré."

Àwọn àṣá tí wọ́n ń sọ yìí kì í ṣe ẹyẹ. Irin ni wọ́n, abẹ̀bẹ̀ mẹ́fà lórí, èékánná mẹ́rin lábẹ́. Àwọn olè tí kò sẹ́ni tó rí ojú wọn rí ló ń fi wọ́n ránṣẹ́ láti òdìkejì odò. Sólà ni wọ́n ń jí, bátìrì ni wọ́n ń jí. Nínú òjò tó kọjá, wọ́n ṣí òrùlé ilé Ìyá Jélílì lójú ọ̀sán, àwọn olè ẹlẹ́sẹ̀ méjì sì tẹ̀ lé wọn wọlé.

"Bùnmi! Gbé ti odi yẹn! Gbé Adití!"

Ohùn bàbá rẹ̀ nìyẹn. Abẹ́ igi ẹmì tó wà létí pápá ìdánwò ni Bàbá Ọdẹ́yínká jókòó sí, lórí àpótí bátìrì ńlá tí Alhaja fi ń fún àwọn ìbọn rẹ̀ níná. Ọdẹ ni, nígbà tí ẹran ṣì wà nígbó. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, ara rẹ̀ sì le koko. Iyè inú rẹ̀ ló ń ṣe bí iná tí wáyà rẹ̀ kò kan dáadáa, á tàn yòò, á tún ṣú.

"Ìbọn tó ń sọ̀rọ̀!" bàbá náà ń bá a lọ. "Ẹran á ti gbọ́ ohùn rẹ̀ kó o tó nà án!"

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí ọmọ yan èyí tó wù ú," Alhaja wí.

"Ta ló dá a dúró? Mo kàn ń sọ èyí tó wù ú fún un ni."

Ọdẹ́bùnmi rẹ́rìn-ín, ó sì nawọ́ sí ìbọn kejì. Ìbọn yìí kò lójú, kò lẹ́nu. Irin dúdú àti igi apá ni gbogbo ara rẹ̀, igi ọ̀hún sì ń dán bí ẹni tó fi òrí para. Nítorí pé kò gbọ́ ohùn ìlú, tí kò gbọ́ ti ilé-ẹjọ́, tí kò sì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni àfi ti ìka tó fà á, ni gbogbo ayé ṣe ń pè é ní Adití. Ó wúwo ju Olóye, ìbọn tó ń sọ̀rọ̀ yẹn, lọ. Nígbà tó gbé ìdí rẹ̀ ti èjìká, ó bá egungun ibẹ̀ mu bí ọmọ tó mọ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀.

"Ẹ fi igbá sókè fún mi, Alhaja."

"Mélòó?"

"Mẹ́wàá. Kí wọ́n yá."

Ẹ̀rọ tó wà lẹ́sẹ̀ pápá bẹ̀rẹ̀ sí í ju àfọ́kù igbá sójú ọ̀run. Ọdẹ́bùnmi ò ronú mọ́. Pá! Èkíní fọ́ yángá. Pá! Èkejì. Ó ṣi ẹ̀kẹta, ó bú ara rẹ̀, ó gba ẹ̀kẹrin níbi tó ti fẹ́ máa wálẹ̀. Ìdí ìbọn ń ti í léjìká, òórùn ẹ̀tù wọ̀ ọ́ nímú, oòrùn ń bẹ lójú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bá a ṣírò afẹ́fẹ́ àfi awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí ìkẹwàá máa fi balẹ̀, méje ló ti fọ́.

Ó yí padà, ó ń mí hẹlẹ, ojú rẹ̀ ń tàn.

"Méje!" bàbá rẹ̀ kígbe, ó gbá àpótí lábẹ́ ìdí rẹ̀. "Ọmọ mi ni! Mo bí i!"

"Bó bá jẹ́ Olóye ni, mẹ́wàá ni," Alhaja wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́wàá ti ìbọn, òdo tèmi," Ọdẹ́bùnmi dá a lóhùn. "Alhaja, ẹ̀yin náà wà níbi ìdíje Igbá Fífò lọ́dún tó kọjá. Ẹni tó gbé Olóye wá, ta ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún? Ṣebí wọ́n ní kó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú ìbọn rẹ̀."

"Òótọ́ ni." Alhaja bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó fi etí ìborùn nù ún. "Ṣùgbọ́n kí lo fẹ́ fi ìbọn ṣe gan-an? Sọ fún mi."

"Nǹkan méjì ni. Mo fẹ́ fi ṣeré, mo sì fẹ́ fi ṣọ́ ilé."

"Ìbọn méjì lo fẹ́ nìyẹn. Òfin sì ní ọ̀kan."

Ọdẹ́bùnmi fi àtàǹpàkò ra igi Adití lọ, ra á bọ̀. Ohun kan wà tí kò tíì sọ fún ẹnì kankan. Nínú oṣù kẹta, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, ó gbọ́ ìró lójú fèrèsé yàrá ẹ̀yìn. Ó gbé ìbọn àtijọ́ yẹn. Ó rí ẹsẹ̀ kan tó wọlé, ó rí èjìká, ó sì fà á. Ìbọn dún "kẹ́" lásán. Ọta inú rẹ̀ ti gbọ̀rinrin. Ẹni tó bọ́ sílẹ̀ láti ojú fèrèsé gbọn ara rẹ̀ nù, ó sì béèrè ibi tí wọ́n gbé ẹ̀kọ sí. Bàbá rẹ̀ ni. Ó ti jáde láti wo ojú ọjọ́, ó gbàgbé ibi tí ilẹ̀kùn wà. Láti ọjọ́ náà, ó ti gba ojú fèrèsé wọlé nígbà mẹ́rin mìíràn, Ọdẹ́bùnmi kò sì tíì sun oorun àsùnwọra.

Olóye ì bá ti mọ̀ ọ́n. Olóye ì bá ti sọ pé, Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹnu mi sílẹ̀, bàbá nìyẹn.

Ṣùgbọ́n igbá méje! Èjìká rẹ̀ ṣì ń hó fún ayọ̀ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n tún gbé Olóye wò lẹ́ẹ̀kan sí i," ó wí.

Bó ṣe gbé e nìyẹn tí ìbọn náà fi sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan bi í.

"Ẹ wo òkè. Ẹ wo apá oòrùn. Mẹ́ta ni wọ́n."

Lẹ́yìn náà ni àwọn ènìyàn tó gbọ́ ìró wọn, ìró bíi ti oyin tó ń ṣí lọ. Àwọn àṣá mẹ́ta já wá láti inú oòrùn gan-an, níbi tí ojú kò ti lè gbà wọ́n. Méjì dorí kọ sólà orí òrùlé Ilé Ìbọn. Ẹ̀kẹta ò wo òrùlé rárá. Ó sọ̀ kalẹ̀ gbọnrangandan sábẹ́ igi ẹmì, ó fi èékánná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbá àpótí bátìrì mú, ó sì gbé e.

Bàbá Ọdẹ́yínká ṣì jókòó lórí rẹ̀.

"Bàbá! Ẹ bẹ́ sílẹ̀!"

Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, ì bá ti bẹ́. Ṣùgbọ́n àádọ́ta ọdún ni bàbá yìí fi ṣọdẹ, kò sì sí ẹran tó dì mú rí tó fi sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìgbànú àpótí náà mú, ó fún un pinpin, ó sì ń pariwo sójú irin náà: "Olè! Olè! Gbé e sílẹ̀, kì í ṣe tìrẹ!" Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, ó ti ga ju igi ẹmì lọ, ó jókòó sójú ọ̀run bí ọba tó gun ẹṣin, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń fì.

Ọdẹ́bùnmi na Olóye sí abẹ̀bẹ̀ àṣá náà. Ó fà á. Ìfà le gbagidi.

"Ènìyàn wà lórí rẹ̀," Olóye wí.

"Mo mọ̀! Bàbá mi ni! Jẹ́ kí n yìn ín!"

"Abẹ̀bẹ̀ tí ẹ nà mí sí fi díẹ̀ jìnnà sí orí rẹ̀. Mo ti ránṣẹ́ sí ilé-ẹjọ́ fún àṣẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró."

"Wọ́n ń gbé e lọ!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró."

Ó ju Olóye sí Alhaja láyà. Ó gbá Adití mú.

Lójú ọ̀run, àṣá náà ti yíjú sí odò. Ó ń lọ tìkọ̀ tìkọ̀, nítorí ẹrù rẹ̀ ju ohun tó wá gbé lọ, ìyẹn ló sì gba àyè díẹ̀ fún Ọdẹ́bùnmi. Ó wo abẹ̀bẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ń yí. Ohun tó ń yí ni iṣẹ́ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi. Ó mọ̀ pé bí òun bá fọ́ ọ̀kan ṣoṣo, gbogbo irin náà á dojú dé, á sì da bàbá rẹ̀ nù bí omi inú igbá. Ó ní láti fọ́ ọ̀kan, kó sì fọ́ èyí tó kọjú sí i ní òdìkejì kí irin tó rí àyè ṣubú. Bí méjì tó kọjú síra bá lọ, mẹ́rin tó kù á ṣì gbé e, ṣùgbọ́n wọn ò ní lè gbé e ròkè mọ́. Wọ́n á máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Oko bàbà Àgọ́-Ìyeyè nasẹ̀ lọ títí lábẹ́ wọn, bàbà ọ̀hún ga ju orí ènìyàn lọ.

"Ẹ di àpótí mú dáadáa, Bàbá!" ó kígbe, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé kò lè gbọ́.

Pá!

Abẹ̀bẹ̀ iwájú òsì fò dànù. Irin náà tẹ̀, bàbá yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, apá rẹ̀ kan na jáde. Ọdẹ́bùnmi ti yí ẹnu ìbọn sí òdìkejì.

Pá! Kò bà á. Abẹ̀bẹ̀ náà ṣì ń yí. Pá!

Abẹ̀bẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún tú ká.

Irin náà mì tìtì, ó dọ́gba, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ó ń ké, ó ń gbìyànjú, ó ń rọlẹ̀ síbẹ̀, bí ọ̀mùtí tó ń wá ìjókòó. Ó wọ inú oko bàbà lọ, gbogbo pòròpórò ibẹ̀ sì ń ya lulẹ̀ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, wọ́n ń gbà á láti ìsàlẹ̀.

Lẹ́yìn Ọdẹ́bùnmi, Alhaja ti na Olóye sí òrùlé ara rẹ̀.

"Kò sí ènìyàn lórí ìwọ̀nyí," ohùn ìbọn náà dún. "Ẹ yìn ín, Alhaja. Mo ti bá yín mú ojú rẹ̀ tọ́."

Pá, èyí àkọ́kọ́ já lulẹ̀ bí ìkòkò. Pá, èkejì tẹ̀ lé e. Ọta méjì péré. Obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún, dígí ojú rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì níbi tó bọ́ ọ sí.

"Háà!" Alhaja pariwo, ó ń jó níbi tó dúró. "Ẹ rí i? Ẹ rí mi?"

Kò sẹ́ni tó rí i. Ọdẹ́bùnmi ti ń sáré wọ inú oko.

Ewé bàbà ń lù ú lójú. Ó ń pe bàbá rẹ̀, kò sẹ́ni tó dáhùn. Nígbà tó gbọ́ ohùn, orin ni. Bàbá Ọdẹ́yínká jókòó sílẹ̀ láàárín pòròpórò tó ti wó, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nà, ó fi ọwọ́ kan lé irin tó ti kú náà lórí bí ọdẹ tó pa ẹfọ̀n, ó ń kọ orin kan tí Ọdẹ́bùnmi kò gbọ́ láti ìgbà tó ti wà ní kékeré.

"Bùnmi," ó wí nígbà tó rí i. "Mo fò."

"Ẹ fò, Bàbá."

"Mo rí odò. Mo rí òdìkejì odò! Ilé mẹ́ta ló wà níbẹ̀, òrùlé wọn dúdú. Ibẹ̀ làwọn olè náà ń gbé. Mo mọ̀ ọ́n báyìí. Pe àwọn ọlọ́pàá kí wọ́n wá bi mí, kí n tó gbàgbé."

Ọdẹ́bùnmi rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Ó yẹ orí rẹ̀ wò, ó yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Kò sí egungun tó kán. Ó gbé apá rẹ̀ sókè kó lè gbé e dìde, ìka rẹ̀ sì wọ inú ihò kan.

Abẹ́ abíyá dàńṣíkí bàbá náà ni ihò ọ̀hún wà. Ó yí roboto, etí rẹ̀ jó dúdú díẹ̀. Èkejì rẹ̀ wà lẹ́yìn, níbi tó ti jáde. Ọdẹ́bùnmi fi ìka wọn ibi tí ihò wà sí ibi tí ìhà bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìka méjì.

Ọta kejì ni. Èyí tó rò pé ó gba inú afẹ́fẹ́ lásán lọ.

"Kí ló dé?" bàbá bi í.

"Kò sí, Bàbá. Ẹ dìde."

Nígbà tí wọ́n máa fi padà dé pápá ìdánwò, Alhaja ti tẹ́ ìwé àṣẹ sórí tábìlì, ó sì ti kọ orúkọ Adití sí i tán. Ó kù kí ọwọ́ kàn án. Olóye sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí aṣọ, iná kékeré ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Bí wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sọ̀rọ̀.

"Ilé-ẹjọ́ ti fọwọ́ sí i," ó wí. "Ẹ lè yìn ín báyìí."

Ẹ̀rín tí Alhaja rín, bí kò bá sí tábìlì níbẹ̀, ì bá ṣubú. Bàbá náà rín, ó gbá itan. Ọdẹ́bùnmi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀rọ̀ ti tán," Alhaja wí, ó ń nu ojú. "Mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí láti ọdún méjìlélógún tí òfin ti jáde, n kò rí irú ìyìnbọn bẹ́ẹ̀ rí. Gbé ọwọ́ lé Adití, ọmọ mi. Fèrè ti fẹ́ dún."

"Gbé ọwọ́ lé e!" bàbá wí.

Ọdẹ́bùnmi gbé Adití sọ́wọ́. Ó ṣì gbóná. Ó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀. Bó bá sì dọ̀la, gbogbo Àgọ́-Ìyeyè á máa sọ ọ́: obìnrin tó yọ abẹ̀bẹ̀ méjì lára àṣá tó gbé bàbá rẹ̀. Ó tẹ́ ìbọn náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Olóye ni mo mú," ó wí.

Ẹnu Alhaja là. "Èwo? Èyí tó ní kó o dúró? Bó bá ṣe pé òun nìkan lo ní, òdìkejì odò ni bàbá rẹ máa wà báyìí!"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí lo wá ń wí?"

"Alhaja, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àṣá gbé bàbá mi láyé. Bàbá mi ń gba ojú fèrèsé wọlé ní gbogbo ìgbà." Ó yíjú sí bàbá rẹ̀, nítorí òun ló yẹ kó gbọ́ ọ. "Nínú oṣù kẹta, ẹ gba ojú fèrèsé wọlé, mo sì rò pé olè ni. Mo na ìbọn sí yín. Mo fà á, Bàbá. Ọta tó gbọ̀rinrin ni Ọlọ́run fi yọ wá. Lónìí náà, ẹ wo abíyá yín."

Bàbá náà gbé apá sókè. Ó wo ihò náà, ó ti ìka bọ̀ ọ́.

"Fèrèsé wo?"

"Ti yàrá ẹ̀yìn."

"Ṣé mo máa ń gba ibẹ̀ wọlé?"

"Ẹ ti gbà á nígbà márùn-ún."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Ayọ̀ fífò kúrò lójú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì dàgbà lójú Ọdẹ́bùnmi. Lẹ́yìn náà ó tu itọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbọn eruku bàbà kúrò lára.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù bà mí."

"Ìwọ? Ìwọ tí o yìnbọn sí abẹ́ abíyá mi láìfa awọ?" Ó mi orí. "Alhaja, ẹ pa Adití rẹ́ nínú ìwé yẹn. Ẹ jẹ́ kó mú alásọ̀ọ́sọ yẹn. Bó bá jẹ́ pé ó máa mọ̀ mí."

Alhaja fa ìlà gba orí orúkọ kan, ó kọ òmíràn. Ọdẹ́bùnmi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara Olóye. Ó gbọ́ ooru kan tó gba inú irin náà wá bá ọwọ́ rẹ̀, iná kékeré yẹn sì yí padà di àwọ̀ ewé. Kò tíì gbé ọwọ́ kúrò tí fèrè ọ̀sán fi ké lórí ìlú, ó ké gbooro, gbogbo adìẹ àdúgbò sì dá a lóhùn.

"Ó kù síbì kan," Alhaja wí, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí lọ́kàn. Ó gbé Adití, ó fi aṣọ dì í. "Èyí tí o kò mú yìí ti di ìbọn ìdánwò Ilé Ìbọn. Kò ní jáde lọ sílé ẹnikẹ́ni mọ́. Àmọ́ ilé yìí náà lẹ́gbẹ́ tó ń lọ síbi Igbá Fífò, èmi ni mò ń bá wọn yìn ín látọdún yìí, ojú mi ò sì tó nǹkan mọ́. Mo rí àṣá méjì lónìí nítorí pé ìbọn rí wọn fún mi. Ọjọ́ Àìkú ni a máa ń ṣe ìdánrawò. Ṣé o máa wá?"

Igbe tí Ọdẹ́bùnmi ké lé àwọn ẹyẹ kúrò lórí igi ẹmì. Ó gbé Alhaja nílẹ̀ pẹ̀lú ìborùn àti ìwé àṣẹ lọ́wọ́, ó sì fi í yí po lẹ́ẹ̀mejì.

"Sọ̀ mí kalẹ̀! Àṣá mẹ́ta ò tó, àbí ìwọ lẹ̀kẹrin?"

Olóye dúró títí ariwo wọn fi rọlẹ̀. Ó mọ ìwà ọmọlúàbí.

"Mo ti mọ onílé," ó wí. "Ta ni mo tún gbọ́dọ̀ mọ̀ nínú ilé?"

Ọdẹ́bùnmi gbé e dúró, ó yí ojú dígí rẹ̀ sí bàbá rẹ̀. Bàbá Ọdẹ́yínká fa dàńṣíkí rẹ̀ tó ya, ó na ọrùn, ó dúró ṣánṣán bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò.

"Èmi Ọdẹ́yínká," ó wí sókè, "ọmọ Ọdẹ́wọlé, ọmọ ajẹ́fọ̀n-má-pọ̀n-ọ́n-nílé. Mo ti pa kìnnìún kan rí. Mo fò lónìí. Ilé mẹ́ta ló wà ní òdìkejì odò, òrùlé wọn dúdú. Ìgbà mìíràn, ojú fèrèsé ni mo máa ń gbà wọlé."

"Mo ti mọ̀ yín, Bàbá," ìbọn náà wí. "Ẹ gba ibi tó bá wù yín wọlé."

Bàbá náà sún mọ́ ọn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá dígí kékeré yẹn dọ́gba, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bí mo bá tún bi ọ́ lọ́la pé ta ni mí," ó wí, "sọ ọ́ fún mi bí mo ṣe sọ ọ́ yìí."